Ààbò Àlejò Yorùbá ní Brazil: Àdúgbò, Wákàtí àti Àwọ̀ Ara

Ó ṣòro kí wọ́n dárúkọ orílẹ̀-èdè Brazil níbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ kí ẹnìkan má tètè mẹ́nu ba olè àti ìbọn. Òkìkí yìí kì í ṣe irọ́, nítorí pé ní ọdún 2017, tí í ṣe ọdún tí ọ̀rọ̀ náà burú jù, iye ènìyàn tí wọ́n pa ní orílẹ̀-èdè náà lé ní 60,000, bí iye náà sì ti ń wálẹ̀ láti ìgbà náà tó, ó ṣì tó nǹkan bí 46,000 ní ọdún 2023, láàrin àwọn ènìyàn tí ètò ìkànìyàn ọdún 2022 kà sí mílíọ̀nù 203. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka iye wọ̀nyí bí ẹni ń ka òjò yóò túmọ̀ wọn sódì, torí pé òjò a máa rọ̀ sórí gbogbo òrùlé, ṣùgbọ́n ìwà ipá ní Brazil ní àdúgbò tó ń gbé, ó ní wákàtí tó ń jáde, ó ní irú ẹni tó máa ń dájú sọ, ó sì ní ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́. Àlejò tó bá mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láàrin Salvador àti Rio de Janeiro kí ó má rí ju oòrùn àti ìlù lọ; ẹni tí kò mọ̀ wọ́n lè pàdánù fóònù rẹ̀ kí ó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀ràn kan wà tí ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà kì í kọ, nítorí pé òyìnbó ni wọ́n ń kọ wọ́n fún. Ìmọ̀ràn wọn ni pé kí àlejò má ṣe dá yàtọ̀ láàrin àwọn ọmọ ìlú, kí ó wọ ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà, kí ó sì fi aago olówó gọbọi sílé. Ìmọ̀ràn gidi ni fún ẹni tí àwọ̀ ara rẹ̀ ti kéde rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Ṣùgbọ́n ní Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, níbi tí ó lé ní mẹ́jọ nínú ènìyàn mẹ́wàá ti jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí àdàlù, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé àlejò ni ará Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, àyàfi ìgbà tó bá sọ̀rọ̀. Ìfarajọ yìí ń dáàbò bo ni lọ́wọ́ olè tó ń wá àlejò kiri, ṣùgbọ́n ó tún ń kó ni mọ́ àwọn tí ikú ń dájú sọ jù níbẹ̀, nítorí pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n ń pa ní Brazil, ó lé ní méje tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọlọ́pàá tó sì ń wá ọ̀daràn lóru kò ní béèrè ìran tí ènìyàn ti wá kí ó tó na ìbọn sí i. Nítorí náà, ohun méjì ni orí yìí ń wò pọ̀: bí àlejò ṣe lè bọ́ lọ́wọ́ olè, àti bí kò ṣe ní jọ olè lójú ọlọ́pàá.

Ẹrù àti ọ̀nà ìwọ̀lú

Ewu àkọ́kọ́ kò sí ní Brazil rárá. Ilé ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Àṣà Yorùbá ni pé kí ẹni tó ń rìnrìn-àjò bá ará àti ọ̀rẹ́ mú ẹrù kékeré dání, ó sì máa ń ti ọmọlúàbí lójú láti sọ fún àgbàlagbà pé òun kò lè gba ọ̀rá ẹ̀gúsí àti elùbọ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ ní São Paulo, tàbí kí ó kọ bàtà tuntun tí ẹlẹgbẹ́ kan ní ọ̀hún ní kí ó bá òun gbé lọ sílé. Ìtìjú yìí ni kí arìnrìn-àjò kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Guarulhos, pápákọ̀ òfurufú ńlá São Paulo tí ẹni tó bá gba Addis Ababa kọjá yóò bà sí, jẹ́ ojú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò kòkéènì ń lò gan-an, òfin tí orílẹ̀-èdè náà sì ṣe lórí oògùn olóró ní ọdún 2006, ìyẹn òfin 11.343, ka ẹ̀wọ̀n ọdún 5 sí 15 fún ẹni tí wọ́n bá ká òwò náà mọ́ lọ́wọ́. Adájọ́ kò ní gba àlàyé pé ẹ̀gbọ́n ẹnìkan ló ni àpò.

Kódà, ẹni tí kò gba ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì bọ́ tán. Ní ọdún 2023, obìnrin méjì tó jẹ́ ọmọ Brazil wà látìmọ́lé ní Jámánì fún ohun tó lé ní oṣù kan, nítorí pé àwọn kan ní Guarulhos ti yọ páálí orúkọ wọn kúrò lára àpótí wọn, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àpótí mìíràn tí kòkéènì wà nínú rẹ̀. Àwòrán kámẹ́rà pápákọ̀ ni ó yọ wọ́n. Nítorí èyí, ó yẹ kí arìnrìn-àjò ya àwòrán àpótí rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, kí ìwọ̀n rẹ̀ hàn nínú àwòrán náà, kí ó fi okùn tàbí aṣọ aláràbarà sàmì sí i, kí ó sì pa ìwé ẹ̀rí ẹrù mọ́ títí yóò fi dé ilé, kì í ṣe títí yóò fi rí àpótí náà gbà nìkan.

Ó dára kí ọkọ̀ òfurufú balẹ̀ ní ọ̀sán. Ní Rio, ọ̀nà márosẹ̀ méjì tí wọ́n ń gbà láti pápákọ̀ Galeão wọ ìgboro, èyí tí wọ́n ń pè ní Linha Vermelha àti Avenida Brasil, ń gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àdúgbò tí ìbọn ti máa ń dún kọjá, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà náà pa nígbà mìíràn tí ọlọ́pàá bá ń bá àwọn ọ̀daràn jà. Takisí tí wọ́n sanwó rẹ̀ nínú pápákọ̀, tàbí ọkọ̀ tí wọ́n pè láti orí fóònù lọ́dọ̀ Uber tàbí 99, ni ó yẹ kí àlejò wọ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ wé èyí tó wà lójú fóònù kí ó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá háyà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ní ìṣòro mìíràn. Máàpù orí fóònù mọ ọ̀nà tó kúrú, ṣùgbọ́n kò mọ ọ̀nà tó léwu, ó sì ti mú àwọn àlejò wọ inú favela tí wọ́n ti yìnbọn lù wọ́n. Favela ni àdúgbò tí àwọn tálákà fọwọ́ ara wọn kọ́, pàápàá jù lọ ní Rio, lórí òkè àti ní ẹ̀gbẹ́ irà, láìsí ètò ìjọba. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fẹ́ràn kí wọ́n pè é ní comunidade, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Kì í ṣe wọn ni wàhálà ibẹ̀ ti ń wá bí kò ṣe àwọn ẹgbẹ́ agbébọn tó ń jọba lé wọn lórí: Comando Vermelho, tó pilẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ Rio ní àwọn ọdún 1970, PCC, tó pilẹ̀ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ São Paulo ní ọdún 1993, àti àwọn tí wọ́n ń pè ní milícia, tí ọlọ́pàá àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń gba owó orí lọ́wọ́ ará àdúgbò. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí tó bá wọlé lójijì lè jọ ti ọ̀tá tàbí ti ọlọ́pàá. Àwọn awakọ̀ ìlú náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: wọ́n á sọ gíláàsì fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kalẹ̀, wọ́n á tan iná inú ọkọ̀, wọ́n á pa iná iwájú tó mọ́lẹ̀ yòò, wọ́n á sì máa rọra lọ, kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà lè rí ojú àti ọwọ́ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Fífi eré sá padà sẹ́yìn ni ó máa ń fa ìbọn.

Ọ̀rọ̀ ìka ọwọ́ náà kò gbọ́dọ̀ fò ni ru. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń fi iye ìka tí wọ́n nà sókè dá ara wọn mọ̀, àwọn kan ń na méjì, àwọn kan ń na mẹ́ta, débi pé ọ̀dọ́ tó na ìka níwájú kámẹ́rà nítorí àtirẹ́rìn-ín lè ti kéde ara rẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ ọ̀tá láìmọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n pa ọmọkùnrin ẹni ọdún 16 kan tó wá gbafẹ́ láti São Paulo sí etíkun Jericoacoara, ní ìpínlẹ̀ Ceará, àwọn ìwé ìròyìn Brazil sì so ikú náà mọ́ àmì ìka nínú àwòrán. Kí àlejò, pàápàá ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú, di ọwọ́ rẹ̀ tàbí kí ó tẹ́ ẹ nígbà tí wọ́n bá ń ya á ní fọ́tò.

Àwọn orúkọ tí olè ń jẹ́

Òfin ìwà ọ̀daràn Brazil, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1940, pín olè sí ọ̀nà tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ dáàbò bo ara rẹ̀. Furto ni olè tí kò fi ipá tàbí ìhàlẹ̀ ṣe é, irú èyí tí gbéwiri ń ṣe nínú èrò. Roubo ni èyí tí ipá tàbí ìhàlẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, tí àwọn ará ìgboro ń pè ní assalto. Latrocínio sì ni olè tó yọrí sí ikú. Ojú tó mọ́ kedere àti àpò tó wà níwájú ara ni oògùn furto. Roubo kò ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà “Perdeu!”, tó túmọ̀ sí pé nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ó mọ̀ pé ìpàdé ti parí, ohun tó kù kò ju pé kí ó jọ̀wọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè. Kí ọwọ́ rẹ̀ wà níbi tí olè náà ti lè rí i, kí ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é, kí ó má tẹjú mọ́ olè náà lójú, kí ó má bẹ̀bẹ̀, kí ó má ṣépè, kí ó má sì pariwo “Olè!” bí wọ́n ti ń ṣe nílé, torí pé ariwo tó ń kó èrò jọ sórí olè ní Oṣòdì ni yóò mú olè ọ̀hún yìnbọn. Latrocínio sábà máa ń jẹ́ roubo tí ẹnìkan kọ̀ láti gbà.

Lóde òní, fóònù ni wọ́n ń wá. Bí èyí ṣe rí bẹ́ẹ̀ yẹ ní àlàyé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, báńkì àpapọ̀ Brazil gbé ètò ìfowóránṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ń pè ní Pix, tó ń mú owó láti àpò ẹnìkan dé àpò ẹlòmíràn láàrin ìṣẹ́jú àáyá, tọ̀sán tòru. Gbogbo ìlú tẹ́wọ́ gbà á, títí kan ẹni tó ń ta àgbọn létíkun, àwọn olè náà sì tẹ́wọ́ gbà á. Fóònù tí wọn kò tì pa di ilẹ̀kùn báńkì. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí Avenida Paulista ní São Paulo fi máa ń já fóònù gbà nígbà tí ojú rẹ̀ bá ṣì ń tàn lọ́wọ́ ẹni tó ń wo máàpù, tí ọ̀kadà tó gbé ènìyàn méjì sì fi máa ń mú àwọn ará ìlú fi fóònù bọ àpò kíákíá. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí sequestro relâmpago fi tún le sí i, ìyẹn ìjínigbé oníwákàtí díẹ̀, tí wọ́n ń fi ìbọn há ènìyàn mọ́ inú ọkọ̀ kí ó lè fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Nítorí rẹ̀ ni báńkì àpapọ̀ ṣe pàṣẹ ní ọdún 2021 pé owó tí ẹnìkan lè fi Pix ránṣẹ́ láàrin aago 8 alẹ́ sí aago 6 àárọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 1,000 reais lọ.

Àlejò tó wá láti Nàìjíríà kì í sábà ní Pix, nítorí pé àpò báńkì Brazil ni wọ́n ń lò ó mọ́, ṣùgbọ́n áàpù báńkì rẹ̀ nílé wà lórí fóònù náà, nọ́ńbà síìmù rẹ̀ ni wọ́n sì so mọ́ owó. Àwọn ará Brazil ti hùmọ̀ ohun kan tí wọ́n ń fi ẹ̀rín pè ní celular do ladrão, fóònù olè: fóònù kejì tí kò wọ́n, tí kò sí áàpù báńkì kankan lórí rẹ̀, òun ni wọ́n ń mú jáde, òun sì ni wọ́n ń fi sílẹ̀ bí ọjọ́ bá burú. Kí àlejò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó fi fóònù gidi sínú àpótí ìpamọ́ hòtẹ́ẹ̀lì, kí ó fi nọ́ńbà àṣírí ti síìmù, kí ó sì tẹ *#06# kí ó tó kúrò nílé, kí ó kọ nọ́ńbà IMEI tó bá jáde sórí ìwé. Owó díẹ̀ tó ṣeé fojú rí ló yẹ kó wà lápò, torí pé olè tí kò bá rí nǹkankan gbà máa ń bínú.

Ẹ̀rọ POS, tí wọ́n ń pè ní maquininha, náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Olùtajà etíkun á ní ojú ẹ̀rọ náà ti fọ́, tàbí kí ó fi àtàǹpàkò bò ó, oníbàárà á sì tẹ nọ́ńbà àṣírí sórí owó tó di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó rà. Ẹ̀rọ tí iye owó kò bá hàn lójú rẹ̀, kí wọ́n má ṣe fi káàdì kàn án.

Boa noite, Cinderela, tó túmọ̀ sí “Ó dàárọ̀, Cinderela”, ni orúkọ tí wọ́n sọ àṣà fífi oògùn oorun sínú ohun mímu ẹlòmíràn kí wọ́n lè kó o lẹ́rù. Lapa àti Copacabana ní Rio ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ́pọ̀. Ọkùnrin ló sábà máa ń kó sí i, ẹni tó bá obìnrin tàbí ọkùnrin pàdé lórí áàpù ìfẹ́ tàbí nílé ọtí, tó sì mú un lọ sí yàrá. Ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn fi ẹjọ́ sùn. Oògùn náà ti pa àwọn kan. Ìpàdé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ wáyé ní gbangba ní ọ̀sán, ife tí ènìyàn bá sì ti fi ojú kúrò lára rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Arrastão, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn apẹja tó ń wọ́ àwọ̀n ńlá, ni ìgbà tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ bá já wọ etíkun lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ń kó gbogbo ohun tó wà lórí iyanrìn. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Arpoador, Rio, ní oṣù Kẹwàá ọdún 1992, ni ó sọ ọ̀rọ̀ náà di mímọ̀ káàkiri. Ẹni tí kò gbé ju aṣọ ìnura àti owó àgbọn lọ sí etíkun kò ní nǹkan tí àwọ̀n yóò kó.

Salvador, ilé àwọn Nagô

Ìlú yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń torí rẹ̀ lọ sí Brazil, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn baba ńlá tí wọ́n ń pè ní Nagô lẹ́rú dé, tí àkàrà ti ń jẹ́ acarajé nínú epo pupa tí wọ́n ń pè ní dendê, tí ọ̀rọ̀ náà axé, ìyẹn àṣẹ, sì wà lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Ayọ̀ bí ẹni dé ilé yìí gan-an ló ń mú kí àlejò gbàgbé pé Bahia ni ìpínlẹ̀ tí iye ènìyàn tí wọ́n pa ti pọ̀ jù ní Brazil ní ọdún 2022 àti 2023.

Pelourinho, àárín ìlú àtijọ́ tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 1985, ń jẹ́ orúkọ òpó tí wọ́n ń de ẹrú mọ́ nà. Ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, ọlọ́pàá wà káàkiri ojúde rẹ̀, ìlù ń lù, kò sì sí ìdí fún ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n òpópónà kan péré ni ó ya ibi tí iná wà sọ́tọ̀ kúrò lára ibi tí kò sí, àlejò tó bá rí i pé àwọn ilé ìtajà ti tán lójú ọ̀nà kí ó yí padà láìwo fóònù. Láti ìlú òkè sí ìlú ìsàlẹ̀, Elevador Lacerda, ẹ̀rọ agbéniròkè tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 1873, ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ladeira da Montanha tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ náà a máa dá páropáro lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó ń so okùn aláràbarà ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim mọ́ àlejò lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ yóò béèrè owó, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tó wọ aṣọ baiana, aṣọ ìbílẹ̀ obìnrin Bahia, tó ní kí wọ́n jọ ya fọ́tò. Ìyẹn kì í ṣe ìwà ọ̀daràn, òwò ni, “Não, obrigado” pẹ̀lú ẹ̀rín sì tó láti fi dáhùn rẹ̀, obìnrin á sọ pé “obrigada”.

Àwọn ilé òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní terreiro, ni ó gba àlàyé jù. Casa Branca, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ilê Axé Iyá Nassô Oká, àkọ́kọ́ nínú àwọn terreiro tí ìjọba àpapọ̀ kà sí ogún orílẹ̀-èdè, ní ọdún 1984, Gantois, àti Ilê Axé Opô Afonjá, tí Mãe Aninha dá sílẹ̀ ní ọdún 1910: gbogbo wọn wà lẹ́yìn odi ibi tí àwọn àlejò máa ń gbé, láàrin àdúgbò tí àwọn ẹgbẹ́ agbébọn ti ń jà lórí ilẹ̀. Inú ilé náà kò léwu. Títì tí wọ́n ń gbà dé ibẹ̀, àti wákàtí tí ọdún ń parí, ìyẹn ọ̀gànjọ́, ni ewu wà. Kí àlejò ránṣẹ́ síwájú, kí ó bá ọmọ ilé náà lọ, kí ó bá awakọ̀ kan ṣàdéhùn ìpadàbọ̀ kí ìlù tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì dúró sínú ọgbà títí ọkọ̀ yóò fi dé ẹnu ọ̀nà. Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀, wọn kì í sì í ya fọ́tò láìgba àṣẹ. Àìgbọràn sí èyí kì í fa ìbọn, ṣùgbọ́n ó máa ń mú ojú ilé kúrò lára àlejò, ojú ilé sì ni ààbò rẹ̀.

Ohun tó yàtọ̀ wà ní Rio tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Ní àwọn favela kan ní ìhà àríwá ìlú náà, pàápàá ibi tí wọ́n ń pè ní Complexo de Israel, àwọn agbébọn tó ń pe ara wọn ní ọmọlẹ́yìn Jésù ti lé àwọn bàbálórìṣà àti ìyálórìṣà kúrò nílé, wọ́n sì ti fòfin de aṣọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀. Aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò mú kí àgbàlagbà kan dìde fún ni ní Salvador lè di ẹ̀rí ẹ̀sùn níbẹ̀. Ó bani nínú jẹ́, àmọ́ kí ẹni tó ń bọ̀ láti Bahia kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ sínú àpò kí ó tó wọ Rio, àyàfi bí ó bá mọ ibi tí ó ń lọ dájú.

Nígbà ọdún ńlá ní Salvador, ìyẹn ọdún Yemọja ní Rio Vermelho ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì, ìwẹ̀nù Bonfim ní oṣù Kìíní, àti Carnaval, gbéwiri ni ìṣòro, kì í ṣe ìbọn. Bẹ́líìtì aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ ẹ̀wù, doleira, ni kí owó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra aṣọ ẹgbẹ́ onílù, tí wọ́n ń pè ní abadá, yóò jó nínú okùn tí àwọn olùṣọ́ dì mú. Ẹni tí kò bá rà á yóò jó lóde okùn láàrin èrò tí wọ́n ń pè ní pipoca, gúgúrú, nítorí bí wọ́n ti ń ta. Kí wọ́n fi ọ̀rá bo abadá náà láti ibi tí wọ́n ti gbà á, torí pé olè ń dúró dè é. Àwọn ọlọ́pàá máa ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ la èrò kọjá pẹ̀lú kóńdó. Kí àlejò yà fún wọn kíá, kí ó má dúró béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lójú ọlọ́pàá

Polícia Militar, tí kì í ṣe ọmọ ogun bí orúkọ rẹ̀ ti ń dún, ni ó ń ṣọ́ ojú pópó. Polícia Civil ni ó ń gba ẹjọ́ sílẹ̀ tó sì ń ṣèwádìí. Polícia Federal ni ó ń rí sí ìwọlé àti ìjáde àlejò. Ti àkọ́kọ́ ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú yóò bá pàdé. Ní Bahia, wọ́n ń pe yíyẹ ara wò lójú pópó ní baculejo, àṣẹ tó máa ń ṣáájú rẹ̀ sì ni “Mão na cabeça!”, ọwọ́ lórí.

Ìwà tí ọmọ Nàìjíríà ti kọ́ níbùdó àyẹ̀wò ọlọ́pàá nílé kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, tó ń kí wọn kú iṣẹ́, tó sì ń tọwọ́ bọ àpò láti mú nǹkan kékeré jáde, ti ṣe ohun mẹ́ta tó léwu lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó sì burú jù ni ọwọ́ tó wọ àpò. Kí ó gbé ọwọ́ sórí, kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ó sì sọ lóhùn kedere pé “Sou turista, sou nigeriano”. Bí wọ́n bá béèrè ìwé, kí ó sọ àpò tó wà kí ó tó mú un, tàbí kí ó ní kí wọ́n mú un fúnra wọn. Èdè òkèèrè lẹ́nu, kódà kí ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Yorùbá, sábà máa ń yí ojú tí wọ́n fi ń wo ènìyàn padà, ohun tó dùn ún gbọ́ fún àlejò tó sì korò fún ọmọ ìlú tí kò ní èdè mìíràn. Ẹ̀dà ìwé ìrìnnà pẹ̀lú ojú ewé físà ni kí ó máa mú jáde. Kí ó má sáré lójú títì lóru, ì báà ṣe pé bọ́ọ̀sì rẹ̀ ń lọ, kí ó má sì wọ fìlà mọ́ ojú ní ẹ̀gbẹ́ favela. Níhìn-ín ni ìmọ̀ràn àwọn ìwé òyìnbó ti yí padà pátápátá: ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ ń ṣe ọmọ Yorùbá lóore ju ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà lọ, bí alẹ́ bá ti lẹ́.

Ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn kì í gba onídùúró fún láti ìgbà òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1988, òfin ọdún 2023 sì ti ka èébú tí wọ́n bá fi àwọ̀ bú ènìyàn mọ́ ọn. Ẹni tí olùṣọ́ ilé ìtajà bá tẹ̀ lé kiri tàbí tí wọ́n bá bú ní ẹ̀tọ́ láti fi ẹjọ́ sùn, ṣùgbọ́n kí ó ṣe é ní àgọ́ Polícia Civil lẹ́yìn náà, kì í ṣe níwájú ẹni tó gbé ìbọn.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀

Nọ́ńbà 190 ni ti Polícia Militar, 192 ni ti ọkọ̀ aláìsàn, 193 ni ti panápaná, 180 sì ni ti obìnrin tí wọ́n bá hùwà ipá sí. Ilé ìwòsàn ìjọba, lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní SUS, ń tọ́jú ẹni tó bá wà nínú ewu lọ́fẹ̀ẹ́, àlejò pẹ̀lú, nítorí náà kí ẹni tó fara gbọgbẹ́ má ṣe torí owó jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Lẹ́yìn èyí ni boletim de ocorrência, ìwé tí ọlọ́pàá fi ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Rio ní àgọ́ ọlọ́pàá tó wà fún àlejò, DEAT, ní Leblon. Salvador ní tirẹ̀ ní Pelourinho. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lọ gbà á nítorí pé wọ́n mọ̀ pé fóònù náà kò ní padà mọ́, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n ìwé yìí ni iléeṣẹ́ adójútòfò yóò béèrè, òun náà sì ni ẹ̀rí ẹni tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ bá bá olè lọ. Brasília ni iléeṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà wà, ó sì ju 1,000 kìlómítà lọ sí Salvador, ẹni tí kò ní ìwé ìdánimọ̀ kankan kò sì ní rí ọkọ̀ òfurufú wọ̀ débẹ̀ wẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà ìwé ìrìnnà kan fi gbọ́dọ̀ wà lápò, kí èkejì wà nínú àpótí ní hòtẹ́ẹ̀lì, kí àwòrán rẹ̀ wà nínú ímeèlì tó ṣeé ṣí lórí fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ̀kẹrin sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan nílé tí kì í pa fóònù rẹ̀ lóru.